Alárinà inú fáìlì .exe: bí ètò kékeré kan ṣe ń pe ògbufọ̀ fún script

Ẹ wo inú fódà Scripts lórí kọ̀ǹpútà Windows tí wọ́n ti fi Python sí. Ẹ óò rí fáìlì kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ pip.exe. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju bíi 100 kílóbáìtì lọ. Pip fúnra rẹ̀, irinṣẹ́ tí àwọn tó ń lo Python fi ń gba àfikún ètò wọlé, jẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ fáìlì tí wọ́n fi èdè Python kọ, ó sì tóbi ju ìwọ̀n yẹn lọ dáadáa. Kí ló wá wà nínú .exe kékeré yìí?

Ìdáhùn tí mo máa ń gbọ́ jù ni pé wọ́n ti compile pip ni, ìyẹn ni pé wọ́n ti tú u sí èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ètò kékeré kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó pe Python jáde, kó sì gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Wrapper ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè é, àwọn mìíràn ń pè é ní launcher. Èmi yóò máa pè é ní alárinà, nítorí iṣẹ́ alárinà gan-an ló ń ṣe. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú, àṣìṣe tó ń tìdí rẹ̀ yọ kò sì kéré. Ẹnìkan rò pé ètò òun ti yára sí i nítorí pé ó ti di .exe. Ẹlòmíràn rò pé ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tí òun kọ sínú script ti wà ní ìpamọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ tú u palẹ̀.

Ta ló gbọ́ èdè ta?

Prósẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ gan-an nínú kọ̀ǹpútà, kò gbọ́ Python, kò gbọ́ Perl, kò sì gbọ́ èdè shell, ìyẹn èdè tí a fi ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Èdè kan ṣoṣo ló gbọ́: àwọn àṣẹ onínọ́ńbà tí wọ́n dá mọ́ ọn. Bí a bá fi C kọ ètò, compiler yóò tú gbogbo rẹ̀ sí èdè prósẹ́sọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnikẹ́ni tó lò ó. Script kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè ṣí kó sì kà ni script, gbogbo ìgbà tó bá sì fẹ́ ṣiṣẹ́ ló nílò ògbufọ̀. Ògbufọ̀ yìí jẹ́ ètò mìíràn, tí òun alára ti wà ní èdè prósẹ́sọ̀ tẹ́lẹ̀, tó ń ka script náà tó sì ń ṣe ohun tó wí. Ògbufọ̀ ni python3, ògbufọ̀ ni perl, ògbufọ̀ sì ni bash.

Nígbà tí ẹ bá ní kí kọ̀ǹpútà ṣí ètò kan, kernel, ìyẹn olórí tó ń darí gbogbo ohun tó ń lọ nínú kọ̀ǹpútà, ní láti mọ irú fáìlì tó wà níwájú rẹ̀. Lórí Linux, kì í fi orúkọ mọ̀ ọ́n. Àwọn báìtì àkọ́kọ́ ló ń wò. Ètò tí wọ́n ti compile fún Linux ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú báìtì 7F, lẹ́yìn náà lẹ́tà E, L àti F. Ti Windows ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú MZ, èyí tó wá láti inú orúkọ Mark Zbikowski, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí MS-DOS ní Microsoft. Script kò ní èyíkéyìí nínú àmì méjèèjì. Báwo wá ni kernel ṣe máa mọ ògbufọ̀ tó yẹ kó pè?

Unix, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí Linux fara wé, ti rí ọgbọ́n dá sí i láti oṣù kìíní ọdún 1980. Dennis Ritchie, ní Bell Labs, ló mú un wọ inú kernel pé bí báìtì méjì àkọ́kọ́ nínú fáìlì bá jẹ́ #!, kí kernel ka ìyókù ìlà náà bí orúkọ ògbufọ̀. Ìlà yìí ni wọ́n ń pè ní shebang. Ká ní script kan wà tó ń jẹ́ iroyin, tí ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ sì jẹ́:

```
#!/usr/bin/python3
```

Bí ẹ bá tẹ `./iroyin osu`, ohun tí kernel yóò ṣí gan-an ni `/usr/bin/python3 ./iroyin osu`. Python ló ń ṣiṣẹ́. Script kàn jẹ́ ìwé tó ń kà ni.

Ibi tí shebang ò dé

Lójú mi, ọgbọ́n yìí dára gan-an, ó sì tó fún iṣẹ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó mọ. Lórí Linux, gbogbo ohun tó bá tẹ̀lé orúkọ ògbufọ̀ lórí ìlà náà ni kernel ń kó pọ̀ bí ọ̀rọ̀ kan, nítorí náà ẹ kò lè fún ògbufọ̀ ní àṣẹ méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ẹ̀dà 5.1 tó jáde ní 2019, báìtì 128 àkọ́kọ́ péré ni Linux ń kà. Bí ọ̀nà fáìlì bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, á gé e kù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ní báyìí, ó ti di 256. Bí àlàfo bá wà nínú orúkọ fódà, ìlà náà bàjẹ́ nìyẹn, nítorí ibi àlàfo ni kernel gbà pé orúkọ ògbufọ̀ parí sí. Lórí macOS, ògbufọ̀ tí ìlà náà dárúkọ kò gbọdọ̀ jẹ́ script. Windows ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ mọ #! rárá. Ètò py.exe tó bá Python 3.3 wọlé ní 2012 ló ń ka ìlà náà lórí Windows, kì í ṣe kernel.

Ohun kan tún wà tó ti gba odindi ọjọ́ kan lọ́wọ́ mi rí. Mo tẹ orúkọ script kan, kọ̀ǹpútà sì dá mi lóhùn pé "No such file or directory", pé fáìlì náà kò sí. Mo wo fódà, fáìlì wà níbẹ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́, èsì kan náà. Ohun tó ń sọ pé kò sí kì í ṣe script, ògbufọ̀ ni! Wọ́n ti fi Windows ṣàtúnṣe fáìlì náà, Windows sì máa ń fi àmì kan tí ojú kì í rí sí ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan. Kernel wá ń wá ògbufọ̀ tó ń jẹ́ python3 pẹ̀lú àmì yẹn ní ìdí orúkọ rẹ̀, irú rẹ̀ kò sì sí níbikíbi. Bí ẹ bá pàdé irú èsì yìí lórí fáìlì tó wà lójú yín kedere, ìlà àkọ́kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Alárinà fúnra rẹ̀

Bí kernel bá ń bèèrè ètò tí wọ́n ti compile, ẹ jẹ́ ká fún un ní ètò tí wọ́n ti compile. Kò pọn dandan kó mọ iṣẹ́ kankan ṣe. Kó ṣáà mọ nǹkan méjì: ibi tí ògbufọ̀ wà, àti ibi tí script wà. Gbogbo rẹ̀ rèé ní èdè C:

```
#include <stdio.h>
#include <unistd.h>

#define OGBUFO "/usr/bin/python3"
#define SCRIPT "/opt/irinse/iroyin.py"

int main(int argc, char **argv)
{
    char *tuntun[argc + 2];
    tuntun[0] = OGBUFO;
    tuntun[1] = SCRIPT;
    for (int i = 1; i <= argc; i++)
        tuntun[i + 1] = argv[i];
    execv(OGBUFO, tuntun);
    perror(OGBUFO);
    return 127;
}
```

Bí ẹ kò bá gbọ́ C, ẹ má ṣèyọnu. Ìlà méjì tó ní OGBUFO àti SCRIPT ni ìmọ̀ tí ètò yìí ní. Àwọn ìlà inú main ń to ọ̀rọ̀ jọ: orúkọ ògbufọ̀ ṣíwájú, orúkọ script tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ohunkóhun tí ẹ bá tẹ̀ lẹ́yìn orúkọ àṣẹ, láìfi ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ tẹ `cc -O2 -o iroyin iroyin.c`, fáìlì iroyin tí kernel yóò gbà láìjanpata yóò sì jáde.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ni execv. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó ń ṣí Python sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí alárinà sì jókòó tì í, tó ń wò ó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Execv ń sọ fún kernel pé: "Kó gbogbo ohun tó jẹ́ tèmi dànù kúrò nínú ìrántí, fi Python rọ́pò mi." Nọ́ńbà tí kernel fi mọ iṣẹ́ náà kò yí padà. Àwọn fáìlì tó wà ní ṣíṣí kò yí padà. Ẹni tó pe àṣẹ náà kò lè mọ̀ pé pààrọ̀ kankan wáyé. Bí obìnrin bá mojú ọkọ tán, alárinà a yẹ̀ba. Execv ni ìyẹ̀ba náà. Ìdí nìyí tí ìlà perror tó tẹ̀ lé e kì í fi í ṣiṣẹ́ àyàfi bí nǹkan bá bàjẹ́. Bí execv bá ṣàṣeyọrí, ètò tí ìlà yẹn wà nínú rẹ̀ kò sí mọ́. Ẹ má yọ ìlà náà o. Láìsí i, bí ògbufọ̀ bá sọnù, àṣẹ yín yóò kàn dákẹ́ ni, ẹ ò sì ní mọ ohun tó pa á.

Ẹ̀rọ ló ń kọ ọ́, kì í ṣe èèyàn

Kò sẹ́ni tó ń jókòó kọ alárinà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àkójọ ètò kan lè ní ogún àṣẹ, ọ̀nà tí fáìlì rẹ̀ gbà lórí kọ̀ǹpútà tèmi sì lè yàtọ̀ sí ti kọ̀ǹpútà tiyín. Ìgbà tí wọ́n bá ń fi ètò náà sórí kọ̀ǹpútà nìkan ni a tó lè mọ ibi tí Python wà àti ibi tí script yóò wà. Ètò tó ń ṣe ìfisórí náà ló máa ń dá alárinà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ọ̀nà méjì sì ni wọ́n ń gbà ṣe é.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kí ẹ̀rọ tẹ C jáde, kó sì compile rẹ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni makeBinaryWrapper ń ṣe nínú Nixpkgs, àkójọ ètò tí àwọn tó ń lo Nix fi ń fi ètò sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ sọ fún un pé ètò báyìí ni kó ṣí, environment variable báyìí, ìyẹn ètò ìsọfúnni olórúkọ tí ètò kan ń jogún lọ́wọ́ ẹni tó pè é, ni kó kọ́kọ́ gbé kalẹ̀. Yóò kọ C tó bá a mu, yóò sì fi compiler sọ ọ́ di ètò. Àwọn Nixpkgs ní makeWrapper tẹ́lẹ̀, tó ń ṣe alárinà tirẹ̀ ní èdè shell. Ṣùgbọ́n ẹ rántí òfin macOS tí mo mẹ́nu bà: bí Python tí ẹ wé sínú script shell bá di ògbufọ̀ nínú shebang, macOS kò ní gbà á. Èyí tí wọ́n compile kò ní wàhálà yẹn. GNU libtool, irinṣẹ́ kan tí wọ́n fi ń kọ́ ètò, náà ń tẹ irú C bẹ́ẹ̀ jáde fún àwọn tó ń kọ́ ètò fún Windows.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀rọ yìí, kó ṣọ́ ọ̀rọ̀ tó ń fi sáàárín àmì àyọlò. Ká ní script wà ní `C:\new\tools`, tí ẹ̀rọ yín sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sínú C. Compiler yóò ka `\n` sí ìlà tuntun, yóò ka `\t` sí àlàfo gígùn. Yóò compile láìráhùn, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó wà nínú rẹ̀ kò sí láyé. Gbogbo `\` gbọ́dọ̀ di méjì, gbogbo àmì àyọlò inú ọ̀rọ̀ sì gbọ́dọ̀ ní `\` níwájú. Ohun kékeré ni lójú, àmọ́ níbẹ̀ ni mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ báyìí ti kọsẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni ti pip.exe. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lo Windows kò ní compiler, nítorí náà kò ṣeé ṣe láti compile lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ti compile alárinà kan ṣoṣo sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí kò mọ orúkọ ògbufọ̀ kankan. Nígbà ìfisórí, pip yóò da alárinà yìí kọ, yóò lẹ ìlà shebang mọ́ ìdí rẹ̀, yóò sì lẹ fáìlì zip kan mọ́ ìyẹn. Inú zip náà ni `__main__.py` wà, ìlà Python díẹ̀ tó ń pe iṣẹ́ gidi. Ẹ̀yìn fáìlì ni ìwé àkójọ zip máa ń wà, ìdí nìyẹn tí ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ iwájú rẹ̀ kì í fi í dí i lọ́wọ́. Windows ń ka fáìlì yìí láti iwájú, ó rí MZ, ó gbà pé ètò ni. Alárinà ń wo ìdí ara rẹ̀, ó rí ibi tí python.exe wà, ó sì ní kí Python wá ṣí pip.exe kan náà. Python ń kà á láti ẹ̀yìn, ó rí zip, ó sì ṣiṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Fáìlì kan, àwọn méjì ń kà á, oníkálukú ń rí tirẹ̀. N kò tíì rí ọgbọ́n tó wù mí tó èyí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Lórí Linux, níbi tí ọ̀nà fáìlì ti gùn jù tàbí tó ní àlàfo, pip kì í lo .exe. Ìlà mẹ́ta tí shell àti Python lè jọ kà ló ń kọ: lójú shell, àṣẹ exec ni, lójú Python, ọ̀rọ̀ lásán tí kò ṣe nǹkan kan ni.

Windows kò ní ìyẹ̀ba

Kernel Windows kò ní ohun tó jọ execv ti Unix. Orúkọ náà wà nínú C ti Windows, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dá process tuntun (ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) sílẹ̀, ó sì ń pa ti àkọ́kọ́. Ojú terminal tó pè é á rò pé iṣẹ́ ti parí, á gba àṣẹ mìíràn, nígbà tí Python ṣì ń tẹ èsì jáde sórí rẹ̀. Nítorí náà, alárinà ti Windows ní láti dúró. Ó ń dá Python sílẹ̀, ó ń dúró dè é títí yóò fi parí, ó sì ń gba nọ́ńbà ìparí rẹ̀ kó lè fi jíṣẹ́ fún ẹni tó pè é. Bí ẹ bá ṣí Task Manager nígbà tí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ń lọ, ẹ óò rí àwọn méjèèjì.

Ìdúró yìí bí iṣẹ́ mìíràn. Bí ẹ bá tẹ Ctrl-C, àwọn méjèèjì ló máa gbọ́ ọ. Alárinà gbọ́dọ̀ di etí rẹ̀, kí Python lè palẹ̀ mọ́ bó ṣe fẹ́. Bí ẹnìkan bá sì pa alárinà lójijì, kò yẹ kí Python máa dá rìn kiri lẹ́yìn rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń so àwọn méjèèjì pọ̀ sínú ohun tí Windows ń pè ní job.

Ohun tí kò lè ṣe fún yín

Kò lè mú script yára. Ìṣẹ́jú tí Python ń lò tẹ́lẹ̀ náà ni yóò lò. Ohun tó lè dín kù ni àkókò táṣẹ́rẹ́ tí ìbá lọ sórí ṣíṣí shell, bó bá jẹ́ alárinà tí wọ́n fi èdè shell kọ lẹ ń lò tẹ́lẹ̀.

Kò lè fi nǹkan pamọ́. Script ṣì wà níbi tó wà, ẹni tó bá lè lò ó lè kà á. Ọ̀nà fáìlì tó wà nínú alárinà pàápàá, àṣẹ `strings` yóò tú u síta lójú ẹsẹ̀. Irinṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ shc, tó ń fi script shell sínú ètò náà pẹ̀lú ìdìpọ̀ àṣírí, ṣùgbọ́n ó ní láti tú u padà kó tó gbé e fún shell, ẹni tó bá sì ni kọ̀ǹpútà náà lè dúró dè é níbẹ̀. Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé sínú rẹ̀.

Ti agbára ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ jù. Unix fàyè gba àmì kan tó ń jẹ́ setuid: ẹnikẹ́ni tó bá ṣí ètò tó ní in, agbára ẹni tó ni fáìlì náà ló máa fi ṣiṣẹ́. Linux kì í ka àmì yìí sí lára script. Ìdí rẹ̀ ni pé kernel ń ṣí script lẹ́ẹ̀kan láti ka ìlà àkọ́kọ́, ògbufọ̀ á tún fi orúkọ ṣí i lẹ́ẹ̀kejì, láàárín méjèèjì sì ni ẹni ibi lè fi fáìlì tirẹ̀ rọ́pò. Àwọn èèyàn wá ń ṣe alárinà onísetuid láti fi gba ẹ̀yìn. Ìwé Perl lórí ààbò pàápàá fi bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ hàn. Ó ń dí ihò yẹn lóòótọ́, àmọ́ ó ń ṣí òmíràn. Gbogbo environment variable tí ẹni tó pè é ní ló ń bá a wọlé. Bí onítọ̀hún bá ti fi PYTHONPATH tọ́ka sí fódà tirẹ̀, kóòdù tirẹ̀ ni Python yóò fi agbára root, ìyẹn ọ̀gá pátápátá lórí kọ̀ǹpútà, ṣí. Ẹni tó bá máa ṣe é gbọ́dọ̀ nu gbogbo wọn kúrò, kó sì fi -I pe Python kó má bàa ka irú wọn. Èrò tèmi ni pé kí ẹ fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún sudo, àṣẹ tó ń yá èèyàn ní agbára ẹlòmíràn, tí àwọn tó mọ̀ ọ́n dunjú ti ń tún ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun kan ṣẹ́ kù tó máa ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Ọ̀nà tó pé pérépéré, láti orí dé ìdí, ló wà nínú alárinà. Bí ẹ bá yí orúkọ fódà tí virtual environment (Python tí a yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kan) wà nínú rẹ̀ padà, pip.exe á ṣì máa wá Python ní ibi àtijọ́, á sì kọ̀. Nǹkan kan ò ṣe pip, nǹkan kan ò sì ṣe Python. Ẹ tẹ `python -m pip` láti inú fódà tuntun náà: Python lẹ pè ní tààrà, kò sí alárinà láàárín, yóò sì dá yín lóhùn. Lẹ́yìn náà, ẹ pa virtual environment náà rẹ́, kí ẹ dá òmíràn sílẹ̀, kí alárinà tuntun lè gbé ọ̀nà tuntun dání.